Iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń lé kọ́sítọ́mà mi lọ

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹkáníìkì ni mí n'Ìbàdàn, ó ti pé ọdún 22 tí mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù. Tó bá ṣe kábúrétọ̀ ni, mo lè dijú tú u kí n sì tò ó padà. Àmọ́ àwọn tòkúnbọ̀ ìsinsìnyí, iná ẹ́ńjìnnì á kàn tàn sílẹ̀ ni, mo máa ń ní kí kọ́sítọ́mà lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń scan mọ́tò nítòsí wa, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀, wọn ò ní padà wá mọ́. Mo lè bí ọmọ yẹn o! Ṣé kí n lọ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ni, lẹ́ni ọdún 46, àbí kí n gba kámú kí n máa ta ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì?

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́. Corolla tèmi ń gbọ̀n nígbà kan bí ẹni tí ibà ń ṣe, mẹkáníìkì tí mò ń lò pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, ó ní fúẹ̀lì pọ́ǹpù ni, mo ra pọ́ǹpù, ó tún ní brain box ni, ibẹ̀ ni mo ti sá fún un. Bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló yanjú ẹ̀. Ó ki ẹ̀rọ scan kékeré kan bọ abẹ́ síárìn, kóòdù P0302 ló gbé jáde, ó ní sìlíńdà kejì ló ń misfire, pé epo ibẹ̀ ò jó dáadáa. Kò ní kí n ra nǹkan kan o. Ó yọ kọ́ìlì sìlíńdà kejì, ìyẹn èyí tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, ó fi pààrọ̀ tìkẹta, ó pa kóòdù yẹn rẹ́, ó sítáàtì ẹ̀, ó tún un scan: P0303. Wàhálà ti bá kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì ló bà jẹ́ nìyẹn. Ká ní P0302 ló ṣì ń gbé wá ni, á jẹ́ pé ká lọ wo plọ́ọ̀gì tàbí injector tó ń fọ́n epo. Bàbá wá fa ìwé kékeré kan tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú yọ lápò, ó kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀rọ yẹn ò tún mọ́tò ṣe, ibi téèyàn máa wò ló kàn ń nawọ́ sí. Tó bá gbé P0171 wá, pé atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ, ẹni tí ò ní ìrírí á sáré ní kẹ́ ẹ ra sensor, nígbà tó lè jẹ́ rọ́bà kan ló ya tó ń fa atẹ́gùn, etí yín á sì ti gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó dé ìdí ẹ̀.

Ẹ ra ẹ̀rọ scan kékeré tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo mọ́tò tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò ẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú tòkúnbọ̀ wa ti ń wá. Ẹ máa scan gbogbo èyí tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, títí kan èyí tó kàn wá pààrọ̀ ọ́ìlì, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ gba fírídọ̀ọ̀mù ni ọ̀gá yín ti ṣíwọ́, kò sẹ́ni tó máa pè yín wá kọ́ èyí. Ọmọ yẹn ńkọ́? Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ yín, kẹ́yin náà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì, ó ṣeé ṣe kóun náà máa wá ẹni tó máa bi.

Ọ́ìlì yẹn náà, ẹ máa tà á, àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yín ni o.