Hẹlikópítà àfidarí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọ: ṣé kó gbé e fò ní àgbàlá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi tó wà ní Faransé fi hẹlikópítà tí wọ́n ń fi télékòmáńdì darí ránṣẹ́ sí ọmọ mi, ọmọ ọdún 14. Kì í ṣe ti ọmọdé tí wọ́n ń tà lọ́jà. Apá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kan gùn tó 32 sẹ̀ǹtímítà. Bátìrì méjì ló bá a wá, ọ̀kan ti wú díẹ̀. Ọmọ fẹ́ gbé e fò ní àgbàlá, ìyá rẹ̀ sì fàáké kọ́rí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Abẹ̀bẹ̀ orí irú èyí tí ẹ júwe máa ń yí tó ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ṣóńṣó apá rẹ̀ ń sáré ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ tó ń sáré bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà Kétu sí Pobè. Ní 2013, ní Brooklyn ní ìlú New York, hẹlikópítà àfidarí pa ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Tirẹ̀ tóbi ju ti ọmọ yín lọ, ṣùgbọ́n ti ọmọ yín náà lè gé ìka, ó lè fọ́ ojú.

Bí ọmọ yóò bá gbàgbé gbogbo ìyókù, kó má gbàgbé èyí: gbàrà tí bátìrì bá ti wọ inú rẹ̀, kó kà á sí ohun tó ti ń yí, bó tilẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ lórí tábìlì. Nínú àwọn tó ń gbé tiwọn wá bá mi ṣe níbí ní Àjàṣẹ́, àwọn tí abẹ̀bẹ̀ gé, ìgbà tó wà lókè kọ́ ló gé wọn. Wọ́n ń tún nǹkan ṣe lára rẹ̀ ni, aṣọ kọ́ ọ̀pá télékòmáńdì, tàbí ọmọ kékeré kan fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bátìrì nínú, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn.

Télékòmáńdì ni kó máa kọ́kọ́ tàn. Kó fa ọ̀pá agbára wálẹ̀ pátápátá, kó tẹ bọ́tìnnì throttle hold tó ń sé ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà ló tó lè fi bátìrì sí i. Bó bá ṣe tán, bátìrì ló máa kọ́kọ́ yọ, télékòmáńdì ló máa pa gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá pa télékòmáńdì ṣáájú ti fi ohun tó ní agbára sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn wá ń kọ mí lóminú ju fífò lọ. LiPo ni wọ́n ń pè é. Kẹ́míkà inú rẹ̀ ló ti bàjẹ́ tó di gáàsì, òun ló mú un wú. Ẹ má ṣe ṣájì rẹ̀ mọ́ láé, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun. Ẹ bu iyanrìn sínú ìkòkò amọ̀, ẹ fi bátìrì náà sí i, kí ẹ gbé e síta, jìnnà sí ilé, títí ẹ ó fi rí oníṣẹ́ iná tí yóò fi gílóòbù ọkọ̀ fa iná inú rẹ̀ tán. Èyí tó dára, ṣájà LiPo tó ń pín iná dọ́gba ni kí ẹ máa lò fún un, kí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké tó para pọ̀ di bátìrì náà, má kọjá fóltì 4.2. Bí wọ́n bá kọ 2,200 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, sí i lára, áńpíà 2.2 ni kí ẹ fi ṣájì rẹ̀, ó ti tó o. Kó tutù dáadáa kó tó wọ ṣájà, kó má wà lórí ibùsùn tàbí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn nígbà tó bá wà nínú iná.

Ní ti ibi tí yóò ti fò, ẹ wá ilẹ̀ gbalasa lẹ́yìn ìlú, ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò tíì le. Kì í ṣe ẹ̀bá Akaba Idena, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu o, àlejò àti ọmọdé ń lọ wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ béèrè ní mẹ́rì àti lọ́wọ́ ANAC, tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Bẹ̀nẹ̀, kí ẹ tó gbé e jáde. Ó kéré tán, kí mítà 10 wà láàárín òun àti ọmọ, kí gbogbo òǹwòran sì dúró sẹ́yìn ọmọ. Ẹ mú àgbàlagbà kan dání tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa dá àwọn ọmọ àdúgbò dúró, torí wọn yóò fẹ́ sáré lọ mú un.

Èmi kò ní gbé èyí lé ọmọ tí kò darí rí lọ́wọ́ lónìí. Ètò ìdánrawò wà lórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni kó ti já a mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Lọ́jọ́ tó bá wá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lóòótọ́, throttle hold ni kó tẹ̀, kó jẹ́ kó já. Kó má nawọ́ gbé e. Kó dúró títí abẹ̀bẹ̀ orí àti ti ìdí yóò fi dákẹ́, kó tó sún mọ́ ọn, bátìrì sì ni kó kọ́kọ́ yọ.