Oyún wálẹ̀, wọ́n ní kí n fọ ilé-ọmọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ọ̀fà ni mò ń gbé. Oyún oṣù méjì wálẹ̀ lára mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ti dá, síkáànì sì fi hàn pé kò sí ohun tó ṣẹ́kù. Ìyá ọkọ mi ní ilé-ọmọ mi ti dọ̀tí, ìdí nìyẹn tí nǹkan oṣù kò fi tíì dé. Àgbo wo ni kí n fi fọ̀ ọ́? Ṣé mo sì ti lè máa kírun?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Àwọn àgbà tó ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, òótọ́ ni wọ́n sọ. Agbè náà kò sì dọ̀tí.

N kò ní dárúkọ àgbo kankan, torí kò sí èyí tó ń fọ ilé-ọmọ. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí o bá mu, inú ìfun ló ń lọ, láti ibẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni yóò sì ru wàhálà rẹ̀. Kò sí ọ̀nà láti ọ̀fun dé ilé-ọmọ. Bí àgbo bá mú ọ yàgbẹ́ gbuuru, ìfun ló ṣàn. Ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń sún kì tó ń ti ohun inú rẹ̀ síta. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ní ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ìfọ̀ náà. Síkáànì ti ní ó parí. Kí lo tún fẹ́ fọ̀?

Èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú ara ló burú jù. Mo ti tọ́jú obìnrin tó fi álọ́ọ̀mù síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ibẹ̀ ló bó. Kòkòrò àrùn lè gba ojú egbò bẹ́ẹ̀ gòkè dé ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, kí ó sì dí i pa. Àìrọ́mọbí tí ẹ ń sá fún gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń tà á ní ọjà Ìpàta tàbí lórí WhatsApp kò ní bá ọ dé ilé-ìwòsàn. Má sì ra oògùn apakòkòrò bíi Flagyl tàbí Ampiclox ní kẹ́mísìtì nítorí "ìdọ̀tí".

Nǹkan oṣù sábà máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pẹ́. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 8, lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹyin lè jáde kí nǹkan oṣù tó dé, o sì lè ti tún lóyún.

Kì í ṣe omi tí o pọn tàbí ọ̀kadà tí o gùn ló fà á. Nǹkan bí ìdajì irú oyún kékeré tó ń wálẹ̀ báyìí, kírómósóòmù rẹ̀ (ohun inú ara tó ń gbé àbùdá bàbá àti ìyá) ni kò pé tàbí tó pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, sọ fún dókítà.

N kò yẹ̀ ọ́ wò o. Ọ̀rọ̀ mi kò lè rọ́pò ti ẹni tó yẹ̀ ọ́ wò. Bí ara bá gbóná, bí inú bá ń ro ọ́ gan-an, bí ohun tó ń jáde bá ń rùn, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ tó ń kún páàdì méjì ní wákàtí kan, ilé-ìwòsàn ni kí o lọ lóru ọjọ́ náà. Ti ìrun kíkí, béèrè lọ́wọ́ ààfáà. Iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Mú ìyá ọkọ rẹ dání nígbà tí o bá padà lọ, kí wọ́n ṣàlàyé síkáànì náà fún wọn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣaájò, kí wọ́n se ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja fún ọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí o sunkún rẹ tẹ́rùn.