Kí ló dé tí ìran fi dópin lára Gẹ̀lẹ̀dẹ́?

Ẹni tó béèrè ìtumọ̀ òwe "Ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran" kò ṣẹ̀ rárá. Ẹni tó dá a lóhùn ló bí mi nínú. Ó ní ojú tó bá wò ó yóò fọ́, nítorí pé ẹgbẹ́ àjẹ́ ló ni ín. Háà! Gẹ̀lẹ̀dẹ́, oníjó tó ń gbé ère igi sórí, tó ń jó lọ́sàn-án gangan láàrin ọjà, tí tọmọdé tàgbà, tonílé tàlejò ń wò? Àwọn tó fọ́jú dà?

Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé kò tún sí ìran mìíràn tó lè jọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú. Ìyẹn kò le. Ìdí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn kì í rò. Èmi tí mo dàgbà lẹ́bàá Ìmẹ̀kọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀já ni mo gbà pé ó fà á.

Ẹ wo ọkùnrin tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ère igi wà lórí rẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó lójú, irin ń dún lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ló wá dì mọ́ra? Gèlè àti ọ̀já àwọn obìnrin ni, ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ! Kì í rà á, ṣe ló ń tọrọ rẹ̀ láti ilé dé ilé. Obìnrin tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí i kò níí yá a. Ìyá mi a tú àpótí, a yọ èyí tó fi pọn mí, a ní, "Ẹ má jẹ́ kó ya o." Tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá wá yọ, ìyá kọ̀ọ̀kan ń wá ọ̀já tirẹ̀ lára rẹ̀, agbẹ́gilére ń wo igi tirẹ̀, alágbẹ̀dẹ ń gbọ́ irin tirẹ̀. Ta ló kù tó jẹ́ òǹwòran lásán? Ibẹ̀ ni ìran ti parí.

Lóòótọ́, torí àwọn ìyá wa la ṣe ń jó o, Ìyálàṣẹ̀, obìnrin tó jẹ́ olórí, ló sì ń darí ẹgbẹ́. Ṣé kéèyàn tu ìyá rẹ̀ nínú ló wá di àjẹ́?

Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 fi Kétu sí apá Bẹ̀nẹ̀ òní, Ìmẹ̀kọ sí apá Nàìjíríà, kò sì pa ijó náà. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, pàápàá kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá ọmọ aráyé, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ère tó gbé alùpùpù tàbí bàálù sórí kò bí mi nínú, nǹkan ayé ni agbẹ́gilére ń gbẹ́. Aṣọ ni mo ń bá àwọn ọmọ ìsinsìnyí jà sí. Ańkárá kan náà ni wọ́n ń wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Mo bi ọ̀kan léèrè pé ọ̀já ta ló wà ní ìdí rẹ̀. Ó ní owó ẹgbẹ́ làwọn fi rà á, pé ta ló fẹ́ máa kanlẹ̀kùn kiri.