Ìbọn ọdẹ kan ṣoṣo fún igbó dídí àti ọ̀nà jíjìn: ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí kò ṣeé pààrọ̀

Ẹ béèrè pé ìbọn ilé-iṣẹ́ wo lẹ lè rà tí yóò bá yín ṣiṣẹ́ nínú igbó dídí, tí yóò sì tún pa ẹran ní 500 yáàdì lórí pápá gbalasa. Ẹ ní ẹ ń rò ó láàárín oríṣi kátíríìjì méjì, 6.5 Creedmoor àti .300 Winchester Magnum, ẹ ò sì fẹ́ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣọdẹ. Mo ti ra òmíràn tí mo tún tà á, òmíràn sì wà lọ́wọ́ mi tí n kò ní tà láéláé. Èmi á ní kẹ́ ẹ ra 6.5 Creedmoor, ọ̀pá onííǹṣì 22 tàbí 24, kí ìbọn náà má wúwo ju kìlógíráàmù mẹ́rin lọ tòun ti awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn lórí.

Ohun tí mo fi ń yan ìbọn nìyí: àwọn nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó ṣeé pààrọ̀, àwọn kan wà tí kò ṣeé pààrọ̀. Bí tírígà bá le, ẹ lè fi òmíràn sí i. Bí ìdí ìbọn ò bá bá èjìká yín mu, ẹ lè wá èyí tó bá a mu. Awò ò tó nǹkan láti tú. Àmọ́ irú kátíríìjì tí wọ́n ṣe ìbọn náà fún, àti bí wọ́n ṣe gbẹ́ ìlọ́ sínú ọ̀pá rẹ̀, ẹ ti rà á pa nìyẹn, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọ̀pá tuntun. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Wọ́n á gbé ìbọn sójú, wọ́n á ṣí i, wọ́n á tì í, wọ́n á máa yìn ín pé ó ń dán, kò ní sí ẹni tó béèrè ìlọ́.

Ìlọ́ yìí ló ń mú kí ọta máa yí bó ṣe ń lọ, kó má baà ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n lójú ọ̀nà. Ọta tó gùn tó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń la afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa tí ọ̀nà bá jìn, bẹ́ẹ̀ ọta tó bá gùn fẹ́ kí wọ́n yí òun kíákíá. Ẹ wo .270 Winchester tó jáde ní 1925, kátíríìjì tí mo fẹ́ràn gan-an. Ìbọn rẹ̀ tó wọ́pọ̀ máa ń yí ọta ní ẹ̀ẹ̀kan nínú íǹṣì 10. Ìyẹn tó fún ọta 130 dé 150 gíréènì (gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta), ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo àwọn ọta gígùn tuntun tó ju 165 gíréènì lọ, kò lè gbé wọn. Ọ̀pọ̀ ìbọn 7mm Remington Magnum, tó dé ní 1962, náà ní ìlọ́ tó falẹ̀ fún ọta tó gùn jù lọ. Ní ti 6.5 Creedmoor tó dé ní 2007, ọta gígùn ni wọ́n ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, íǹṣì 8 ni ìlọ́ tó wọ́pọ̀ nínú ìbọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 7mm PRC ti 2022. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára ọ̀pá tàbí sínú ìwé ìbọn báyìí: 1:8, 1:10. Ẹ wò ó kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Afẹ́fẹ́ ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọta gígùn. Bí ọta ṣe ń wálẹ̀, a lè ṣírò ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá to awò kó máa bà ní 200 yáàdì, 6.5 Creedmoor tó ru ọta 143 gíréènì máa wálẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kó tó dé 500. Ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn á sọ iye yáàdì, ẹ ó yí awò, ó parí. Afẹ́fẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó ń fẹ́ sí yín létí lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń gba àfonífojì tó wà níwájú yín. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ ní máìlì 10 láàárín wákàtí kan, á ti ọta 6.5 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí íǹṣì 16 ní 500 yáàdì, ọta .308 Winchester tó jẹ́ 168 gíréènì máa kọjá 20. Ká wá ní ẹ ṣì í kà ní máìlì mẹ́ta péré. Ibi tí ọta ti ń pa àgbọ̀nrín kíá ní àyà kò fẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì 10 lọ. Tẹ́ ẹ bá dojú kọ àárín gbùngbùn rẹ̀, ọta 6.5 á ṣì bà létí ibẹ̀, ti .308 á ti bọ́ síta. Ìyàtọ̀ láàárín ẹran tó ṣubú síbi tó dúró sí àti ẹran tẹ́ ẹ máa tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú nìyẹn.

Èmi kì í bú .300 Winchester Magnum o. Láti 1963 ló ti wà, ó sì ti pa ẹran tó tóbi ju èyí tí púpọ̀ nínú wa máa dojú ìbọn kọ lọ. Ṣùgbọ́n tí ìbọn méjèèjì bá wúwo dọ́gba, ó ń gbá èjìká ní nǹkan bí ìlọ́po méjì 6.5. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣọdẹ, ọkùnrin tó sanra dáadáa, ra ọ̀kan. Ọta rẹ̀ ń tú ká lórí ìwé, ó ní ìbọn ni kò dáa. Mo ní kó yíjú sẹ́yìn, kí n máa bá a ki ìbọn náà. Lẹ́yìn tó ti yìn ín bíi mélòó kan, mo ki kátíríìjì tí kò ní ẹ̀tù sí i, n kò sì sọ fún un. Ó dùbúlẹ̀, ó mí sínú, ó fà á. Kò dún. Gbogbo wa rí i bí ẹnu ìbọn ṣe já wálẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì pa dé kó tó fà á tán. Ìbọn yẹn ò ní àbùkù kankan. Ara ọ̀rẹ́ mi ló ti ń sá fún ohun tó mọ̀ pé ó ń bọ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ti lo ìbọn tí kì í gbá púpọ̀ fún sáà kan, ọta rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí mo bá dùbúlẹ̀ dáadáa tì 6.5, mo máa ń fi awò rí i bí ọta ṣe bà, mo máa ń rí i bóyá ẹran náà ká ẹ̀yìn kò tàbí ó gbé ẹsẹ̀ iwájú. Pẹ̀lú mágínọ́ọ̀mù bíi .300 yẹn, awò á ti wo ojú ọ̀run, kí n sì tó dá a padà, ẹran ti wọ igbó. Ohun tí ojú mi rí yẹn wúlò fún mi ju agbára tó bá ṣẹ́kù nínú ọta lọ. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fi ohun tó ń dín gbígbá kù sí ẹnu ìbọn. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ariwo rẹ̀ lè ba etí yín jẹ́ títí ayé tẹ́ ẹ bá yìn ín láìdi etí.

Nípa agbára, ọ̀pọ̀ ọta ọdẹ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn fẹ́ kí eré wọn ṣì tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,800 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kí wọ́n tó lè là, kí orí wọn fẹ̀, nínú ẹran. 6.5 Creedmoor máa ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bí 2,700, ó sì ń gbé eré yẹn dé nǹkan bí 600 yáàdì. 500 tẹ́ ẹ dá wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹran tó tó elk tàbí moose, àwọn ẹran ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, lẹ máa pa jù, mo gbà pé ẹ nílò ohun tó lágbára ju 6.5 lọ, ẹ ra 7mm PRC, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìbọn náà wúwo díẹ̀.

Ní ti orúkọ, Tikka T3x tí wọ́n ń ṣe ní Fínlándì ni mo kọ́kọ́ máa nawọ́ sí, torí tírígà rẹ̀ àti bí bolt rẹ̀, irin tí a ń fà tí a sì ń tì láti ki kátíríìjì, ṣe ń yọ̀ lọ láìkọ́. Bergara B-14 ti Sípéènì tẹ̀ lé e; ìdí ìbọn àti tírígà tí wọ́n ṣe fún Remington 700, ìbọn ọdẹ Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀, bá a mu, ìyẹn ni pé kò ní ṣòro láti rí nǹkan pààrọ̀. Savage 110 náà ń yìn dáadáa bí kò tilẹ̀ fani lójú mọ́ra.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá gbé, ẹ fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín ọ̀pá àti igi ìbọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fà á láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò gbọdọ̀ há. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ọwọ́ tẹ igi náà sí ọ̀pá bí ìgbà tẹ́ ẹ fi ara lé e lórí àpò, kẹ́ ẹ tún fà á. Ìbọn kan tí mo rà ń bà síbi kan náà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e lé ẹ̀ka igi tí mo sì tẹ̀ ẹ́, ọta á sún sápá òsì. Ike ni wọ́n fi ṣe igi rẹ̀, ó rọ̀ jù, ó ń fara kan ọ̀pá. Ọ̀pá tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà máa ń gbé ọta kúrò lójú ibi tó bà tẹ́lẹ̀ tó bá ti gbóná, nítorí náà ẹ jẹ́ kó tutù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọta àkọ́kọ́ láti inú ọ̀pá tútù ni ọdẹ ń lò.

Owó tẹ́ ẹ bá ná lórí ìbọn, ẹ ṣètò pé awò lè gba bẹ́ẹ̀. Awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 3 sí 15, ìyẹn 3-15, tàbí 4-16 ló tọ́ sí yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta 6-24 fún yín, torí bí ẹran bá yọ sí yín ní 30 yáàdì nínú igbó dídí, irun ara rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Kí ẹ tó gbára lé e, ẹ gbé ìwé gígùn kan sí 100 yáàdì, kẹ́ ẹ yìn ín, kẹ́ ẹ yí awò sókè ní MOA 20 (MOA kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ íǹṣì kan ní 100 yáàdì), kẹ́ ẹ tún yìn ín níbi kan náà tẹ́ ẹ wò tẹ́lẹ̀. Ọta kejì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí íǹṣì 21 ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ wá yí i padà sí òdo, kẹ́ ẹ wò ó bóyá yóò padà sójú ihò àkọ́kọ́. Bí kò bá padà, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ọ̀tì tó di awò mú kẹ́ ẹ tó dá awò lẹ́bi, torí nọ́ọ̀tì ló máa ń jẹ́ jù. Ẹ sì ṣe é nígbà tí àkókò ọdẹ ṣì jìn, nítorí awò tẹ́ ẹ bá dá padà fún àtúnṣe lè pẹ́ kó tó dé.