Ọkọ rẹ dáa, àmọ́ ọkàn rẹ ò balẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ látòkè délẹ̀. O ní ọkọ rẹ kì í lù ọ́, kì í ṣe oníṣekúṣe, ó ń gbọ́ bùkátà, síbẹ̀ gbogbo nǹkan kàn sú ọ ṣáá ni, pàápàá tó o bá ti wo fọ́tò àwọn tọkọtaya lórí fóònù tán. O wá ń béèrè bí èèyàn ṣe ń ní ìtẹ́lọ́rùn.

Ti fóònù yẹn ò gba àròyé. Dín in kù. Ta ló ń ya fọ́tò ìgbà tóun àti ọkọ ẹ̀ yan ara wọn lódì?

Tinú ilé gan-an ló le. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé tí nǹkan báyìí bá ti bọ́ sí i, ọkàn mi á balẹ̀. A kúrò nínú yàrá kan, a bọ́ sílé tó láyè. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Àmọ́ kò pẹ́ tílé náà fi mọ́ mi lára, ni mo bá tún ń wo ògiri tí wọn ò kùn dáadáa. Àṣé bọ́mọ aráyé ṣe rí nìyẹn. Lọ́dún 1978, Philip Brickman, ọ̀mọ̀wé kan tó ń ṣèwádìí nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fọ̀rọ̀ wá àwọn tó jẹ owó ńlá nínú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì lẹ́nu wò. Inú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dùn ju tàwọn tí ò jẹ nǹkan kan lọ, kódà àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ojoojúmọ́ ò tún dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nílé wa ni pé ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀. Tó bá tibi iṣẹ́ dé, á jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni fomi sẹ́nu. Mo rojọ́ ẹ̀ fún tẹbí tọ̀rẹ́, pàbó ló já sí. Ìgbà tó yá ni mo ka ọ̀rọ̀ John Gottman, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ṣèwádìí nípa tọkọtaya. Ó ní nǹkan bíi 69 nínú 100 aáwọ̀ tọkọtaya ni kì í tán, torí ìwà oníkálukú ló ń fà á. Ẹ̀rín pa mí. Kì í kúkú ṣe ilé wa nìkan! Látìgbà yẹn, mi ò fipá fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Mo máa ń jẹ́ kó sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà a jọ máa ń nasẹ̀ lọ síta. Ibi tá a bá ti ń rìn lọ lọ̀rọ̀ ti máa ń jáde.

Mo wá ń rí ohun tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀. Tí oorun bá gbé mi lọ níbi tí mo ti ń tẹ fóònù, kí n tó jí, ó ti fi í sí ṣáàjì, ó ti dojú ẹ̀ délẹ̀ kí iná ẹ̀ má bàa ta sí mi lójú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Ìyẹn náà lo rí?” Àmọ́ ó rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣá o: ká ní ó ń lù ọ́ ni, tàbí ó ń tàbùkù rẹ lójú ọmọ, ìmọ̀ràn míì ni mi ò bá gbà ọ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun tá à ń fi ìtẹ́lọ́rùn bò mọ́lẹ̀. Àmọ́ níbi tó o bá ọ̀rọ̀ dé yìí, sọ ohun pàtó tó o fẹ́ fún un, má kàn sọ pé “o ò rí tèmi rò.” Ohun tí mo sọ fún tèmi ni pé, tí mo bá ti wọlé, kó bi mí pé “báwo niṣẹ́?” Ó ṣì máa ń gbàgbé. Màá rán an létí, á sì béèrè.