Ìbéèrè Yín: Ẹja Tí A Kò Sè

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo fẹ́ fi sàṣímì, ẹja tútù tí àwọn ará Japan máa ń gé pẹlẹbẹ jẹ láìsè, ṣe àlejò nílé wa ní Yaba. Ṣé kí n ra ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú bọ̀ ní Makoko, kí n sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí aràn inú rẹ̀ lè kú?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń sọ ẹja di funfun bí èyí tí a ti sè, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láti pa aràn. Òtútù ni ó ń pa á, ìyẹn -20°C fún ọjọ́ 7 gbáko, èyí tí fírísà ilé, pàápàá níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, lè má lè ṣe. Nítorí náà, ẹ ra ẹja túnà dídì lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á fún jíjẹ láìsè, tí ó sì lè sọ bí wọ́n ṣe dì í. Inú fíríìjì ni kí ó ti yọ́, kì í ṣe orí tábìlì. Bí ẹ bá ń gé e, ẹ fa ọ̀bẹ mímú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ègé kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi rẹ́ ẹ bí ayùn, kí ojú ẹja náà lè máa dán. Bí aláboyún bá wà láàárín àlejò yín, ẹ din tirẹ̀ nínú òróró kí ó jinná.