Airbrush àkọ́kọ́: kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni kóo fowó sí ṣáájú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ òfuurufú oníke kéékèèké ni mo máa ń tò, 1/72 àti 1/48 (ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi gùn jù wọ́n lọ ní ìlọ́po 72 tàbí 48), brọ́ṣì ọwọ́ ni mo fi ń kùn wọ́n, àmọ́ ojú ìlà brọ́ṣì ń hàn lára ìyẹ́ wọn, ó ti sú mi. Mo rí airbrush (ohun èlò tó ń fi atẹ́gùn fọ́n ọ̀dà) kan tó ń lo bátìrì, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tẹ atẹ́gùn pọ̀, wà lábẹ́ ẹ̀ gangan, kò wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má wulẹ̀ ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rárá, pé kí n máa lọ fẹ́ táyà lọ́dọ̀ fọkanáísà kí n máa lo atẹ́gùn inú ẹ̀. Bùrọ̀dá mi tó wà ní Houston sì ní òun lè ra gbogbo ẹ̀ fi ránṣẹ́. Èwo ni kí n ṣe? (Olùkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, inú mi dùn pé o bèèrè kóo tó náwó. Má ra elébátìrì yẹn. Irú ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rà, òun ló ba ìyẹ́ ọkọ̀ kan tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tò jẹ́, ó dùn mí gan-an. Kò ní táǹkì, pístìnì kékeré inú ẹ̀ kàn ń ti atẹ́gùn jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wúkọ́, tóo bá ń kun gbogbo ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o lè má mọ̀, àmọ́ ọjọ́ tóo bá fẹ́ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà yẹn á máa já bí ẹsẹ̀ èèrà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kó gbogbo owó lé airbrush, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Airbrush lo máa pààrọ̀ tọ́wọ́ ẹ bá ti mọ́ ọn, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó dáa á ṣì wà níbẹ̀. Wá èyí tó ń lo pístìnì tí ò gba ọ́ìlì, tó ní táǹkì lítà 3, rẹ́gúlétọ̀ tó ń dín agbára atẹ́gùn kù, àti ife kékeré tó ń gba omi. Irú ẹ̀ máa ń kún dé nǹkan bíi bar 4 á pa ara ẹ̀, tó bá sọ̀kalẹ̀ sí bíi 3 á tún bẹ̀rẹ̀, ìwọ á sì máa fi rẹ́gúlétọ̀ gba psi 15 sí 20 péré (bíi bar kan àti díẹ̀; òṣùwọ̀n agbára atẹ́gùn ni méjèèjì), ìyẹn tó model. Tí wọ́n bá mú iná lọ, atẹ́gùn inú táǹkì ò ní pẹ́ tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n á tó fẹ́ ọ̀dà tó kù nínú airbrush jáde kó tó gbẹ síbẹ̀.

Má fojú kéré ife tó ń gba omi yẹn o. Atẹ́gùn tí wọ́n bá tẹ̀ pọ̀ máa ń gbóná, tó bá wá tutù nínú rọ́bà tó ń gbé e lọ sínú airbrush, omi inú ẹ̀ á yọ, lásìkò òjò nílùú wa yìí ó lè tutọ́ sára ọkọ̀ ẹ láìrò tẹ́lẹ̀. Máa tú ìdí táǹkì náà kí omi ibẹ̀ jáde. Lásìkò ọyẹ́, òdìkejì ẹ̀ ni, ọ̀dà olómi á máa gbẹ sẹ́nu abẹ́rẹ́ inú airbrush, kí retarder díẹ̀ (èròjà tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ) wà nítòsí ẹ.

Ti táyà, ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́, àwọn àgbà onímodel ti ṣe é rí. Àmọ́ bóo ṣe ń lò ó ni agbára ẹ̀ ń lọ sílẹ̀, bí ọ̀dà ṣe ń jáde á sì máa yí padà lọ́wọ́ ẹ, ẹ̀rọ fọkanáísà tún lè bá ẹ fi ọ́ìlì sí i, ọ̀dà ò sì ní mú lójú ọ́ìlì.

Bùrọ̀dá ẹ wá ńkọ́? Kó fi airbrush nìkan ránṣẹ́, airbrush ò gbọ́ ti iná. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ Amẹ́ríkà 120V, 60Hz ni, tiwa 230V sókè, 50Hz, tóo bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí ó jóná nìyẹn, kódà pẹ̀lú tiransífọ́mà tó ń dín iná kù, mọ́tò ẹ̀ á máa lọ jẹ́jẹ́, á sì máa gbóná.

Sọ fún un pé dual-action lo fẹ́, èyí tóo máa tẹ̀ kí atẹ́gùn jáde kóo tó fà á sẹ́yìn kí ọ̀dà tẹ̀ lé e, tí ife ọ̀dà ẹ̀ wà lókè, ẹnu ẹ̀ tí ọ̀dà ń gbà jáde (nọ́sù) 0.3 tàbí 0.35 mm. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ẹ́ ní 0.2 lákọ̀ọ́kọ́, kíá ló ń dí. Airbrush Iwata Neo dáa fẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀, nọ́sù ẹ̀ ṣá kéré púpọ̀, ó ń wé bí ìdè, tóo bá fún un jù ó lè sán. Tówó bá wà, Eclipse HP-CS ti Iwata kan náà ni mo fẹ́ràn jù, nọ́sù tiẹ̀ kàn ń jókòó sáyè ẹ̀ ni, kò sí wíwé. Kó rí i pé ẹnu rọ́bà bá a mu, 1/8 ínǹṣì ni ti Iwata, ti iléeṣẹ́ Badger àti Paasche yàtọ̀.

Ọ̀dà gbọ́dọ̀ ṣàn bíi mílíìkì, kì í ṣe bí ẹ̀kọ mímu. Fi omi àti íńkì kọ́wọ́ lórí bébà ná. Tóo bá ń lo tínà líle, ra ìbòmú oníkátíríìjì (èyí tó ní asẹ́ tó ń gba èéfín), torí aláṣọ tá a lò nígbà kòrónà ò lè dá èéfín ẹ̀ dúró.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o. Peckham ni mo wà, mo ra airbrush fọ́mọ mi, ọ̀dà ń hó nínú ife ẹ̀ bí omi tó wà lórí iná. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta)

ÌDÁHÙN: Ẹ káàsán mà. Atẹ́gùn ló ń padà sẹ́yìn. Ẹ yẹ nọ́sù wò, bóyá kò jókòó dáadáa, bóyá ó dí, tàbí ó ti sán. Ẹ sọ fún un kó tú u kó fọ̀ ọ́, kó má ri odindi ẹ̀ sínú tínà o, àwọn rọ́bà róbótó inú ẹ̀ á wú. Tó bá ṣì ń hó lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra nọ́sù nìkan, ẹ má ra òmíràn.